Kámẹ́rà Nínú Bùkà

Ẹ ṣí álúbọ́ọ̀mù fọ́tò àtijọ́ èyíkéyìí nílùú Ìbàdàn, ẹ ò ní rí ẹni tó ń jẹun nínú rẹ̀. Ẹ ó rí bàbá tó jókòó sórí àga, tó tẹ́ agbádá sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ẹ ó rí ìyàwó tuntun tó di ọ̀bẹ mú nídìí kéèkì tí kò tíì gé. Ẹ ó rí àwọn géńdé tó to ìgò bíà àti ìgò mínírà sórí tábìlì, tí gbogbo wọn kọjú sí kámẹ́rà láìrẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnu tó kún fún oúnjẹ, ọwọ́ tó ń bu òkèlè, ọbẹ̀ tó ń kán lórí ìka, kò sí. Bí onífọ́tò bá tiẹ̀ ṣèèṣì yà á, ẹni tó yà kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, owó fíìmù á sì wọgbó.

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Oore ni àwọn àgbà ń sọ bí wọ́n bá pa òwe yìí, pé ẹni tó bá jẹ tẹni kò ní lè wo ojú ẹni kó sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fọ́tò á mọ̀ pé ìtìjú ẹni tó ń jẹun ju ti oore lọ. Ẹni tó ń jẹun ti tú ara sílẹ̀. Kò ráyè fìlà, kò ráyè gèlè, kò sì lè ṣe ojú bí ọlọ́lá. Nílé wa nígbà náà, ọmọ tó bá dúró tó ń wo àlejò lẹ́nu bó ṣe ń jẹun, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń lé e lọ. Kámẹ́rà wá dà bí ọmọ náà, ọmọ tí kì í ṣẹ́jú. Abájọ tí àwọn òbí wa kò fi gbà á láyè nídìí abọ́.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kí abọ́ tó balẹ̀ lórí tábìlì ni fóònù ti ń jáde lápò. Wọ́n á yí abọ́ síhìn-ín, wọ́n á tì í sọ́hùn-ún, wọ́n á ní kí ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún sún sẹ́yìn, òjìji rẹ̀ ń bo ẹran. Àdúrà oúnjẹ pàápàá ń dúró de fóònù. Láti ìgbà tí Instagram ti dé ní 2010, ohun tí àwọn bàbá wa ń fi ara pamọ́ jẹ ni a wá ń fi han ayé kí a tó tọ́ ọ wò. Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ayé ti bàjẹ́ nítorí èyí. Mo ti gbé kámẹ́rà wọ bùkà kí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí tó dáyé, mo sì gbádùn rẹ̀, mo ṣì ń gbádùn rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ibi tí fọ́tò náà ń gbà lọ lẹ́yìn tí a bá ti yà á, àti bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ tún ń fojú kàn án.

Àwa ọ̀rẹ́ kan wà tí a máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé láti jẹun. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan jẹ́ télọ̀ ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan jẹ́ lọ́yà, ọ̀kan sì ń ta ìwé ní Dùgbẹ̀. A kì í so mọ́ ilé oúnjẹ kan. Bùkà àdúgbò là ń wá kiri, àwọn tí kò ní pátákó níta, tó jẹ́ pé èéfín àti òórùn gbẹ̀gìrì ló ń júwe ọ̀nà. Ẹnì kan á gbọ́ pé ìyá kan wà lẹ́yìn ọjà Bódìjà tó mọ ògúnfe sè. Ẹlòmíì á ní òun jẹ ọ̀fadà kan lọ́nà Abẹ́òkúta tí wọ́n fi ewé pọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ ni a óò ti jiyàn ibi tí a ń lọ tán. Ọjọ́ tó bá sì pé, kámẹ́rà á wà lọ́rùn mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìdí ìkòkò. Ìyá tó ń bu àmàlà jókòó sórí àpótí kékeré, ìkòkò ńlá wà níwájú rẹ̀, ọ̀rá àti aṣọ ló fi bo ẹnu ìkòkò kí ooru má bàa jáde. Ọmọ tó rò ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọrogùn lélẹ̀ ni, òógùn ṣì ń dà lójú rẹ̀. Ìyá ki igbákọ bọ omi, ó kì í bọ inú àmàlà, ó gbé e sókè, ó yí ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkìtì dúdú kan tó ń dán bọ́ sínú abọ́ láì ya sílẹ̀, láì lẹ̀ mọ́ igbákọ. Láàárín ìgbà tí igbákọ bá kúrò nínú ìkòkò sí ìgbà tó bá kan abọ́, ooru á ru sókè bo ìyá lójú, ìmọ́lẹ̀ tó gba ihò páànù wọlé á sì gba inú ooru náà kọjá. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bí ẹ bá tètè tẹ kámẹ́rà jù, igbákọ nìkan lẹ ó rí, bí ẹ bá pẹ́, ooru ti tú ká, ìyá ti ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàn: "Èló lẹ fẹ́ jẹ?"

Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kò lè rí ohunkóhun yà. Bí kámẹ́rà bá ti wọ inú ooru bùkà báyìí, ojú rẹ̀ á ṣú fún omi, ẹ ó máa nù ún, á máa tún ṣú. Àfi kí ẹ gbé e sórí bẹ́ǹṣì kí ara rẹ̀ móoru bíi ti ibẹ̀. Mo ti wá fẹ́ràn ìdádúró yẹn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Onífọ́tò tó bá wọ bùkà tí kò jókòó kọ́kọ́, àlejò gan-an ni, bó ti wù kí ojú kámẹ́rà rẹ̀ tóbi tó. Tó bá jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ń lọ. Á rí i pé mẹ́káníìkì tó wà ní ìdí ògiri kò tíì lanu tí wọ́n fi bu oúnjẹ rẹ̀ wá, ewédú lábẹ́, gbẹ̀gìrì lókè, pọ̀nmọ́ méjì àti ṣàkì kan, torí pé ohun tó ń jẹ lójoojúmọ́ nìyẹn. Á rí i pé ọmọ iléèwé tí owó rẹ̀ kò tó rí omi ọbẹ̀ gbà ju ti ẹni tó sanwó ẹran lọ, àti pé ìyá ò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń bù ú sí i, kí ojú má bàa tì í. Fọ́tò tó wà ní bùkà nìyẹn. Abọ́ àmàlà nìkan, ibi gbogbo lẹ ti lè yà á.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, kámẹ́rà olójú méjì ni ọ̀gá mi ń lò, Yashica, fíìmù rẹ̀ kì í ju fọ́tò méjìlá lọ. Ẹni tó ní fọ́tò méjìlá lọ́wọ́ kì í fi ọ̀kan ṣòfò sórí ọbẹ̀. Èèyàn ló ń yà, èèyàn tó máa sanwó. Lẹ́yìn náà, á wọ yàrá òkùnkùn, á fọ fíìmù, á tẹ fọ́tò, á sì gbé e padà fún ẹni tó lojú. Négátífù ń gbé lọ́wọ́ onífọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò ti délé olówó rẹ̀, ó ti wọ férémù, ó ti gun ògiri pálọ̀. Níbi òde àríyá, àwọn onífọ́tò a máa sáré lọ fọ fíìmù kí èrò tó tú ká, wọn a wá tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí kálukú ṣa tirẹ̀. Ẹni tí kò tiẹ̀ lówó tí yóò fi rà á ti bẹ̀rẹ̀ wo ara rẹ̀ kó tó lọ sílé.

Ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, Malick Sidibé ṣe irú iṣẹ́ yìí débi tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn tí Mali gba òmìnira, á gbé kámẹ́rà lọ sí òde ijó àwọn ọ̀dọ́, láti ibì kan dé èkejì lóru ọjọ́ kan, á sì tún tẹ̀ lé wọn dé etí odò Ọya. Bó bá padà dé ṣọ́ọ̀bù, á fọ fíìmù, á tẹ fọ́tò kéékèèké, á lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, á gbé e síta kí àwọn tó wà nínú wọn wá yan èyí tó wù wọ́n. Ní 2007, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀; kò sí onífọ́tò tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó ń ra fọ́tò rẹ̀ nílùú òyìnbó ń wo ẹwà ijó àti ẹwà aṣọ. Èmi, páálí yẹn ni mò ń rò. Àwọn tó jó náà ló kọ́kọ́ rí ijó wọn.

Fọ́tò bùkà òde òní ti gba ọ̀nà míì. Ó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó yà á, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí kò jẹ níbẹ̀ rí, ó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá olóúnjẹ kan wà tí a máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹnìkan tí kò mọ̀ rí wá jẹun lọ́jọ́ kan, ó ya ìyá náà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdè ọ̀já lórí, ó yìn ín, ó lọ. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí oníbàárà kan tó wá sọ fún un pé òun rí ojú rẹ̀ gàgàrà lára pátákó ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò míì. Ìyá kò mọ ilé oúnjẹ náà, kò mọ ẹni tó ni ín, kò sì sẹ́ni tó bi í. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa, kò pariwo. Ó kàn ní, "Wọ́n ń fi ojú mi ta ọbẹ̀ ẹlòmíì, ẹ̀yin ọmọ mi." Láti ọjọ́ náà, bó bá rí fóònù tó gbé orí sókè, ṣe ló máa ń yí ẹ̀yìn padà. Ó pẹ́ kó tó tún gbà kí èmi pàápàá yà á, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ mí, ó mọ àwọn ọmọ mi.

Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ́ sọ́dọ̀ wa. Ní 1958, Robert Doisneau, ògbóǹtagí onífọ́tò ilẹ̀ Faransé, wọ ilé ọtí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Chez Fraysse, ní òpópónà rue de Seine ní Paris. Ó rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan àti ọkùnrin kan tó jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, tí wọ́n wà nídìí káńtà, ife wáìnì níwájú wọn. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà kó ya àwọn. Fọ́tò náà kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé ọtí Paris, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n Doisneau ti gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ń bá a ta fọ́tò. Láìpẹ́, àwọn tó ń gbógun ti ọtí mímu lò ó fún ìwé ìkìlọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn òfófó kan gbé e jáde, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé aṣẹ́wó àti oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà iṣẹ́ ọnà ni ọkùnrin náà. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ dá ìwé ìròyìn náà àti àwọn tó ta fọ́tò lẹ́bi, ó ní Doisneau kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo ti bá àwọn ọmọọṣẹ́ mi jiyàn lórí ìdájọ́ yìí títí. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ṣebí ó tọrọ àyè, wọ́n sì gbà?" Òótọ́ ni, ó tọrọ. Lójú tèmi, ohun tí àwọn méjèèjì gbà sí ni kí ọkùnrin kan tó dúró níwájú wọn ya àwọn nínú ilé ọtí tí wọ́n mọ̀. Wọn ò gbà sí ohun tó dé lẹ́yìn náà, wọn ò tiẹ̀ lè rò ó. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ojú rẹ̀ fún wa nídìí oúnjẹ, àjọjẹ ló pè wá sí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Òwe yìí ti ń dáàbò bo àwọn èèyàn wa tipẹ́tipẹ́ kí fóònù tó dé, mo sì gbà pé ó kan ọwọ́ tó ń tẹ fóònù bó ti kan ẹnu.

Màláàmù oní tíì kan ní Sábó ló jẹ́ kí èyí yé mi jù. Sábó wa níhìn-ín ti wà láti 1916 tí wọ́n ti fi àwọn Haúsá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, kò sì sígbà tí ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ tàbí lóru tí ẹ ò ní rí ẹni tó ń po tíì. Bẹ́ǹṣì kan, tábìlì kan, agolo mílíìkì tí wọ́n to lé ara wọn, búrẹ́dì, ẹyin nínú kéèsì rẹ̀. Kafé àdúgbò wa nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ kafé sára ògiri. Màláàmù yìí á gbé ife kan sókè kọjá orí, á gbé èkejì sí ìbàdí, á sì da tíì láti òkè sí ìsàlẹ̀ láìwò ó; á padà dà á, á tún dà á, títí yóò fi hó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n ya òun. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ya ojú òun, ẹ̀sìn òun kò jẹ́ kó rọ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá tó mi, kí n ya ọwọ́. Mo rántí onífọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ti bá Ilé Iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn ṣiṣẹ́ ní ìlú Ìbàdàn yìí kó tó lọ sí Èkó, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún láti 1968 ya irun orí àwọn obìnrin wa. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà. Ẹ ò rí ojú, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé èèyàn iyì ni. Mo ya ọwọ́ Màláàmù àti okùn tíì tó gùn láàárín ife méjì. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e fún un. Ó fi táàpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí ẹyin rẹ̀. Àwọn tó ń mu tíì a máa nawọ́ sí i, wọn a ní, "Ọwọ́ rẹ nìyí o." Ohun tí mo fẹ́ kí fọ́tò ṣe nìyẹn.

Àwọn kafé tuntun tó ń yọ ní Bódìjà àti òpópónà Rìǹgì ńkọ́? A ti lọ, àwa àgbààgbà wọ̀nyí, a jókòó sórí àga rírọ̀, a mu kọfí olówó gọbọi. Télọ̀ wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ra ife kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ti ibi rẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Ìlú tí kò ní ibi tí ọ̀rẹ́ lè jókòó sí láìsí pé wọ́n ń ṣe ìsìn tàbí wọ́n ń ṣòwò, ìlú náà ò tíì pé. Ní 1961, lẹ́bàá ọjà Dùgbẹ̀ níhìn-ín, ibi tó jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀ ni Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe, Ezekiel Mphahlele àtàwọn ẹgbẹ́ wọn sọ di Mbari, ilé àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré ìtàgé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tẹ ìwé àwọn akéwì jáde. Kò yà mí lẹ́nu pé ilé oúnjẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní sí kafé òde òní ni ògiri tí wọ́n kùn tọ́ọ́rọ́ fún fọ́tò, tí wọ́n fi òdòdó oníke sí, tí kálukú ń tò láti dúró sí iwájú rẹ̀. Ẹni mẹ́wàá á ya ibẹ̀, fọ́tò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á bá ara mu, a ò sì ní mọ ẹni tí wọ́n bá wá.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a ti fi ẹnu kò pé bí oúnjẹ bá ti balẹ̀, kámẹ́rà á balẹ̀. Bí a bá ń dúró de oúnjẹ, mo lè yà. Bí a bá jẹ tán tí a ń ta eyín, mo lè yà. Ṣùgbọ́n láti òkèlè àkọ́kọ́ títí dé ìgbà tí a bá fọwọ́, ó di èèwọ̀. Tíṣà wa ló fi lélẹ̀. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú, n kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní, ó sì ní ẹni tó ń ya fọ́tò nígbà tí ẹlòmíì ń jẹ, ohun tí kò ní ni àkókò náà. Àmàlà pàápàá ò ní dúró dè é. Bó bá ti tutù, á le, á mú èèpá, ewédú á sì ṣomi. Ó kọ́kọ́ nira fún mi. Àwọn ojú tó dára jù máa ń wá ní àárín oúnjẹ. Mo jẹ́ kí wọ́n kọjá. Lẹ́yìn oúnjẹ, bí ikùn bá ti kún tí omi tútù ti lọ lé e, àwọn èèyàn a máa jókòó lọ́nà kan tí kò sí nílé fọ́tò: èjìká á sọ̀ kalẹ̀, fìlà á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kálukú á wo ẹnìkejì rẹ̀ láìrántí pé a ń wo òun. Ìgbà yẹn ni mo ń mú iṣẹ́ mi ṣe.

A jẹ́ márùn-ún láyé àtijọ́ láì ka èmi mọ́ ọn. Ẹnì kan ti lọ, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn tó mọ bùkà gbogbo láti Ìbàdàn títí dé Jẹ́bà. Nígbà tí wọ́n ń múra ìsìnkú, àwọn mọ̀lẹ́bí mú fọ́tò kan wá fún ìwé ètò ìsìnkú: ó wọ agbádá funfun, ó de fìlà, ọwọ́ lórúnkún. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi pé òun mọ̀ pé mo ní òmíràn. Mo ní in. Ó ti jẹun tán, ó fẹ̀yìn ti ògiri pákó, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí òǹtàwé sọ, àyè eyín iwájú tó ti yọ hàn kedere. Ẹ̀gbọ́n olóògbé kọ̀ jálẹ̀. Ó ní a kì í fi àgbà hàn láìléyín, kí ni àwọn àna á sọ? Ọmọ ní bàbá tí òun mọ̀ nìyí. N kò dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Agbádá jẹ́ bó ṣe fẹ́ kí ìlú rántí òun. Ẹ̀rín bùkà jẹ́ ohun tó ń fún àwọn tó bá a jẹun. Wọ́n wá fi ti agbádá síwájú ìwé, wọ́n fi ti bùkà sẹ́yìn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ibi tí mo jókòó sí, mo rí i pé ẹ̀yìn ìwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí sílẹ̀ lórí itan. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. N kò tíì rí ibi tí òwe náà ti ṣẹ tó ti inú fọ́tò.

Àríyànjiyàn tó wà láàárín wa báyìí, ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹnì kan ra fọ́tò igbákọ àti ooru tí mo yà lọ́dọ̀ ìyá kan, owó gidi ni, mo sì ní ìyá náà ní ìpín níbẹ̀. Lọ́yà wa ní òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ wa ti 2022 ka ẹni tó ya fọ́tò sí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, kò ka ẹni tí a yà. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ro àmàlà náà, èmi kọ́ ni mo dáná, bẹ́ẹ̀ sì ni n kò fi ọdún gbogbo kọ́ ọwọ́ tó yí igbákọ yẹn. Òǹtàwé gbè sẹ́yìn mi, télọ̀ gbè sẹ́yìn lọ́yà. Ó ní bí òun bá rán aṣọ tó dára fún ènìyàn, ṣé òun á tún máa san owó fún ẹni tó wọ̀ ọ́? A ò tíì parí rẹ̀.

Mo kó ìpín ìyá lọ fún un ṣá. Ó gbà á, ó súre, ó sì ní ohun tí òun fẹ́ gan-an ò sí nínú owó. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri rẹ̀. Ọ̀nà tí ìjọba ń fẹ̀ yóò gba ibẹ̀. Ó ní kí n wá ya bùkà náà fún òun kí katakátá tó dé. A lọ, gbogbo wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń darí mi. Ó ní kí n ya àdògán mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ òwò, bẹ́ǹṣì tí àárín rẹ̀ ti jẹ, ihò páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ìṣó tó ń fi àpò owó kọ́. Nígbà tí mo yí kámẹ́rà sí ara ìlẹ̀kùn níbi tó fi ẹfun kọ orúkọ àti iye owó sí láti òkè délẹ̀, ó sáré fi ìró rẹ̀ bò ó. "Ẹ má ya ibí yìí, Bàbá Onífọ́tò," ó wí. "Àwọn tó jẹ mí lówó nìyẹn. Oníbàárà mi ni wọ́n." Mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ó fi aṣọ tútù nu ìlẹ̀kùn náà títí kò fi ku orúkọ kankan, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ní ó yá, kí n ya òun.